Ọmọ Kì Í Jókòó Jẹ́ẹ́ fún Ìtàn: Ìbéèrè Yín àti Ìdáhùn Wa

Lẹ́tà tó pọ̀ jù nínú èyí tó wọlé lóṣù yìí dá lórí àwọn ọmọdé àti ilé ìkàwé gbogbo ènìyàn: àkókò ìtàn tí wọ́n ń ṣe fún àwọn tí kò tíì mọ̀wé kà, àti ètò ìwé kíkà nígbà ọlidé gígùn fún àwọn tó ti ń dá kà. A mú mẹ́jọ nínú wọn. Ohun tí ẹ ó máa bá pàdé nínú gbogbo ìdáhùn wa ni pé ẹnu ọmọ gbọ́dọ̀ máa là nídìí ìwé, àti pé ọwọ́ ara rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ fi yan ìwé tó máa kà.

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé mi sí ẹ̀ka àwọn ọmọdé ní ilé ìkàwé wa, wọ́n sì ní kí n bẹ̀rẹ̀ àkókò ìtàn fún àwọn ọmọ ọdún 3 sí 5. Báwo ni kí n ṣe tò ó? Ẹ̀rù ń bà mí kí wọ́n má lọ tú mọ́ mi lórí. — Òṣìṣẹ́ tuntun

Ìdáhùn: Ẹ má fòyà. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ti tó fún ọjọ́ orí yẹn. Bí ó bá fi kọjá bẹ́ẹ̀, “ẹ jókòó, ẹ jókòó” ni ẹ ó máa pariwo rẹ̀ títí tí ẹ ó fi ṣe tán. Ọmọ 15 sí 20 ni kí ẹ gbà lẹ́ẹ̀kan, kí àgbàlagbà kan sì wà pẹ̀lú ọmọ kọ̀ọ̀kan tàbí pẹ̀lú ọmọ méjì. Bí wọ́n bá pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ pín wọn, kí ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, torí pé ọmọ tó jókòó sẹ́yìn tí kò rí àwòrán kò ní í fẹ́ wá mọ́.

Orin kan náà ni kí ẹ máa fi bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ má pààrọ̀ rẹ̀, kódà bó bá ti sú ẹ̀yin fúnra yín. Bí ọmọ bá ti gbọ́ ọ tó ìgbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, orin yẹn ni yóò máa sọ fún un pé ó tó àkókò láti jókòó. Ẹ̀yìn orin ni kí ẹ ka èyí tó gùn jù nínú ìwé mẹ́ta tí ẹ mú wá, nítorí ọkàn wọn ṣì wà lọ́dọ̀ yín. Ọ̀pọ̀ máa ń fi ìwé tó gùn tó sì dùn jù pa mọ́ di ìgbẹ̀yìn. Kí wọ́n tó dé orí rẹ̀, ìdajì àwọn ọmọ ti ń wo ẹnu ọ̀nà. Lẹ́yìn ìwé àkọ́kọ́, ẹ ní kí gbogbo wọn dìde: orin àtẹ́wọ́, fífò sókè, nínà ọwọ́, bí ìṣẹ́jú 3. Ìwé kejì kúrú ju ti àkọ́kọ́ lọ, kó sì ní gbólóhùn tó ń padà wá bí ègbè, èyí tí gbogbo wọn lè bá yín gbè. Ó wá kan ìtàn tí kò lo ìwé: ẹ fi aṣọ onírun bo pátákó kan, kí ẹ máa lẹ àwòrán tí ẹ fi aṣọ gé mọ́ ọn lára bí ìtàn ti ń lọ. Ìwé kẹta kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú 3 lọ. Orin ìdágbére ló kẹ́yìn. Bí ẹ bá rí i pé ó ti sú wọn nígbà tí ẹ wà lórí ìwé kejì, ẹ fo ẹ̀kẹta.

Bí a ṣe ń yan ìwé fún àpéjọ yàtọ̀ sí bí a ṣe ń yan ti inú ilé. Ẹ gbé ìwé náà dúró lórí àga, kí ẹ rìn sẹ́yìn tó mítà 3 tàbí 4. Bí ẹ kò bá lè sọ ohun tó wà nínú àwòrán rẹ̀ láti ibẹ̀, ìwé tí à ń kà fún ọmọ kan lórí itan ni. Ẹ wo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ náà: gbólóhùn kan sí mẹ́ta lójú ewé kan ti tó.

Ẹ fi ọwọ́ kan di ìsàlẹ̀ ìwé mú níbi ẹ̀yìn rẹ̀ tí ewé ti so pọ̀, kí ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ èjìká yín, kí ojú rẹ̀ sì dojú kọ àwọn ọmọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọwọ́ kejì ni ẹ ó máa fi ṣí ewé. Ẹni tó bá kọjú ìwé sí ara rẹ̀, tó kà á tán kó tó yí àwòrán síta, ti ya ọ̀rọ̀ kúrò lára àwòrán nìyẹn, inú àlàfo yẹn sì ni ariwo ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ tó lè máa yọjú wò ó láti ẹ̀gbẹ́ láìkọsẹ̀, ẹ ti gbọ́dọ̀ kà á sókè tó ẹ̀ẹ̀mẹta nílé. Ẹ má sì jókòó síwájú fèrèsé: ìmọ́lẹ̀ tó wà lẹ́yìn yín yóò sọ yín di òjìji, ojú yóò sì máa ro àwọn ọmọ.

Bí èrò bá pọ̀ tí ìwé sì kéré, ẹ wo ohun tí àwọn ará Jàpáànù ń pè ní kamishibai. Páálí àwòrán ni wọ́n ń tò sínú férémù onígi. Ọ̀rọ̀ àwòrán àkọ́kọ́ wà lẹ́yìn páálí tó kẹ́yìn; bí wọ́n bá fa páálí kìn-ín-ní yọ, ẹ̀yìn gbogbo wọn ni wọ́n ń kì í bọ̀, ọ̀rọ̀ àwòrán kejì ti wà lẹ́yìn rẹ̀ níbẹ̀. Báyìí ni ońkàwé yóò ṣe máa rí ọ̀rọ̀ níwájú rẹ̀ nígbà tí àwọn ọmọ ń rí àwòrán ńlá. Ẹ lè fi páálí líle ṣe é fúnra yín.

Ó ku àwọn òbí. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ fi ọ̀yàyà sọ fún wọn pé kí wọ́n fi fóònù sápò, kí wọ́n sì bá yín kọrin. Ojú ẹni tó mú ọmọ wá ni ọmọ máa ń wò láti mọ̀ bóyá ohun tó ń lọ ṣe pàtàkì. Bí àwọn àgbà bá ń tàkúrọ̀sọ lẹ́yìn, ẹ lè ka ìwé dé ojú ikú, àwọn ọmọ kò ní í gbọ́.

Ìbéèrè: Ọmọ mi ti pé ọdún méjì àti oṣù díẹ̀. Bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn ní ilé ìkàwé, eré ló máa ń sá kiri. Ojú máa ń tì mí láàárín àwọn ìyá yòókù. Ṣé kí n fi í sílé títí yóò fi dàgbà díẹ̀ sí i? — Ìyá ọmọ alárìnká

Ìdáhùn: Rárá o, ẹ má fi í sílé. Ẹ ṣọ́ ọ nígbà tí ẹ bá padà délé: bó bá ń kọ orin tí wọ́n kọ níbẹ̀, tàbí tó ń ké bí ẹranko inú ìwé náà, etí rẹ̀ wà níbẹ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń sáré.

Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ béèrè irú àkókò ìtàn tí ẹ ń mú un lọ. Bó bá jẹ́ ti ọmọ ọdún 3 sí 5, ó ti gùn jù fún un. Ti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn, láti nǹkan bí oṣù 18 títí di ọdún 3, kò yẹ kó ju ìṣẹ́jú 20 lọ. Ìwé kan tàbí méjì, kí orin àti ìjó kún ìyókù. Ti ọmọ ọwọ́, orí itan ìyá tàbí bàbá ni, wọ́n sì gbọ́dọ̀ kọ orin kan náà lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, nítorí ó máa ń pẹ́ díẹ̀ kí ọmọ tó kékeré bẹ́ẹ̀ tó dá ohùn mọ̀.

Ẹ tètè dé ní ìṣẹ́jú 10 ṣáájú, kó lè rìn yí yàrá náà ká kó tó kún. Ẹ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́, kì í ṣe sẹ́yìn pátápátá. Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ké, tàbí tó lọ ń fa ìwé mọ́ ońkàwé lọ́wọ́, ẹ gbé e jáde fún ìṣẹ́jú méjì, kí ẹ sì tún gbé e wọlé. Ìpadàwọlé yẹn ṣe kókó. Bó bá jẹ́ pé ilé ni ẹ máa ń gbé e lọ, yóò kọ́ ọ pé bí òun bá ti sáré, ó parí nìyẹn. Ẹ ṣe é fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin léraléra kí ẹ tó ṣèpinnu kankan. Ẹ wo aago náà: àkókò ìtàn tó bá bọ́ sí ìgbà tó yẹ kí ọmọ sùn kò ní í dára, ẹnikẹ́ni ìbáà kà á.

Ètò kan wà tí ẹ̀ka méjì nínú ẹgbẹ́ àwọn ilé ìkàwé ní Amẹ́ríkà, PLA àti ALSC, gbé jáde ní 2004. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe ní 2011, wọ́n dárúkọ ohun márùn-ún tó ń múra ọmọ sílẹ̀ de ìwé kíkà: ọ̀rọ̀ sísọ, orin kíkọ, ìwé kíkà, ìwé kíkọ àti eré ṣíṣe. Jíjókòó jẹ́ẹ́ kò sí lára wọn. Nítorí náà ẹ gbójú sókè láàárín àwọn ìyá yòókù.

Ìbéèrè: Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́rin, ìwé kan ṣoṣo ló máa ń gbé wá fún mi lálaalẹ́. Ó ti mọ̀ ọ́n lórí. Bí mo bá fo ọ̀rọ̀ kan, á ní irọ́ ni mò ń pa. Ṣé kí n gbé ìwé náà pa mọ́ ni? — Bàbá tó ti rẹ̀

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e pa mọ́. Ọmọ tó ń sọ fún yín pé ẹ fo ọ̀rọ̀ ti mọ̀ pé ohun tó wà nínú ìwé kì í yí padà bí ọ̀rọ̀ ẹnu. Ìmọ̀ ńlá nìyẹn, orí rẹ̀ sì ni ìwé kíkà yóò dúró sí. Lẹ́yìn èyí, nígbà àkọ́kọ́ tí ọmọ gbọ́ ìtàn, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìkan ló ń lé. Ìgbà tó bá ti mọ ìyẹn ló ń ráyè wo ìdí tó fi ṣẹlẹ̀, ẹ̀yìn ìyẹn ló ń gbọ́ àwọn ọ̀rọ̀ tí kò mọ̀ rí.

Ohun tó yẹ kó yí padà ni ipò yín. Ní 1988, Grover Whitehurst àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ gbé ìwádìí kan jáde nípa àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta. Wọ́n kọ́ àwọn òbí kan bí wọ́n ṣe lè máa fi ìbéèrè fa ọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu ọmọ nídìí ìwé aláwòrán. Lẹ́yìn oṣù kan péré, àwọn ọmọ wọ̀nyí ti ń sọ̀rọ̀ ju àwọn tí òbí wọn ń kàwé fún bí wọ́n ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ lọ.

Ìgbésẹ̀ rẹ̀ mẹ́rin ni: ẹ bi í, ẹ gba ìdáhùn rẹ̀, ẹ fi díẹ̀ kún un, ẹ jẹ́ kó tún un sọ. Ká ní ajá kan wà nínú àwòrán. Ẹ bi í pé, “Kí ni eléyìí ń ṣe?” Á ní, “Ó ń sá.” Ẹ ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, ó ń sá wọ abẹ́ àga torí pé ààrá ń sán. Níbo ló ń sá lọ?” Á ní, “Abẹ́ àga.” Ó tán. Ó ti sọ ju ohun tó mú wá lọ.

Ibi tí ọ̀pọ̀ bàbá ti ń ṣì í ni pé wọ́n ń sọ ọ́ di ìdánwò. Ìbéèrè kan lójú ewé kọ̀ọ̀kan ti pọ̀ jù. Mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú odindi ìwé tó. Ìbéèrè tí “bẹ́ẹ̀ ni” tàbí “rárá” lè dáhùn kò fa ọ̀rọ̀ jáde, “àwọ̀ wo lèyí” náà kò sàn jù ú lọ. Bí ẹ bá sì ti béèrè, ẹ ka ení, èjì títí dé àrùn-ún nínú ọkàn yín kí ẹ tó sọ nǹkan mìíràn. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn máa ń ni àgbàlagbà lára, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ni ọmọ ti ń wá ọ̀rọ̀ tó fẹ́ lò. Nígbà tí ìwé bá jẹ́ tuntun, ẹ kà á tààrà láìbéèrè ohunkóhun. Èyí tó ti mọ̀ lórí yìí, ẹ dákẹ́ níparí gbólóhùn kí òun parí rẹ̀, tàbí kí ẹ gbé ìwé náà fún un pé kó kà á fún yín.

Bí ẹ bá fẹ́ kí ìwé mìíràn wọlé, ẹ bá a ṣàdéhùn pé òun yóò mú ọ̀kan, ẹ̀yin yóò mú ọ̀kan. Ẹ ka tirẹ̀ kẹ́yìn.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ-ọmọ mi ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí. Èmi ni mo ń mú òun àti àbúrò rẹ̀ lọ sí ilé ìkàwé, ṣùgbọ́n n kò mọ̀wé kà. Ṣé àǹfààní kankan wà nínú kí n jókòó tì wọ́n? — Ìyá àgbà

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Àǹfààní yín níbẹ̀ pọ̀. Ẹ sọ fún òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé pé ìwé aláwòrán tí kò ní ọ̀rọ̀ ni ẹ fẹ́. Ìwé gidi ni wọ́n: ìtàn wà nínú wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àwòrán ló ń sọ ọ́. Kí ẹ tó sọ̀tàn fún àbúrò, ẹ jọ ṣí gbogbo ewé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan láìsọ̀rọ̀ púpọ̀, kí ẹ lè mọ ibi tó ń lọ. Ẹ padà síbẹ̀rẹ̀: ta nìyí? Níbo ló wà? Kí ló bí i nínú báyìí? Èdè tó yọ̀ mọ́ yín lẹ́nu jù ni kí ẹ fi sọ ọ́. Ọmọ tó bá ti mọ orúkọ nǹkan àti bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ní èdè ilé rẹ̀ ti mọ nǹkan náà. Orúkọ mìíràn ló kù tí yóò kọ́ nílé ìwé.

Kí ẹ̀gbọ́n máa kàwé fún ẹ̀yin. Ọmọ tó ń kà fún ẹni tó fẹ́ gbọ́ ìtàn máa ń kà á dáadáa ju èyí tó ń kà fún ẹni tó ń wá àṣìṣe rẹ̀ lọ. Bó bá dúró, ẹ bi í pé, “Kí ló wá ṣẹlẹ̀?” Ohun kan ṣoṣo ni a bẹ̀ yín sí: ẹ má máa sọ létí wọn pé ẹ̀yin kò mọ nǹkan kan.

Ìbéèrè: Ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́jọ, forúkọ sílẹ̀ fún ètò ìwé kíkà ọlidé. Ìwé 30 ni wọ́n ní kó kà láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ìwé pẹlẹbẹ tí ọmọ ọdún mẹ́rin ń kà ló ń kó jọ kó lè tètè pé. Mo fẹ́ máa yan ìwé fún un. Ṣé mo ṣe dáadáa? — Ìyá tó ń ṣọ́ ọ

Ìdáhùn: Ọ̀lẹ kọ́ ló ń ṣe ọmọ yín. Iye tí wọ́n dá fún un ló kọ́ ọ ní ọgbọ́n yẹn. Bí a bá ń ka iye ìwé, ìwé tó tín-ín-rín ni ọmọ yóò máa wá. Bí a bá ń ka ìṣẹ́jú, ìwé tí kò ní í sú u ni yóò máa wá. Ẹ bá àwọn òṣìṣẹ́ náà sọ ọ́. Ogún ìṣẹ́jú lójúmọ́ fún ọjọ́ 42 jẹ́ ìṣẹ́jú 840, ìyẹn wákàtí 14. Ohun tó pọ̀ nìyẹn fún ọmọ ọdún mẹ́jọ, bẹ́ẹ̀ kò sì ní í wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Bó bá pa ọjọ́ kan jẹ, ẹ má sọ ti ọjọ́ kejì di ogójì ìṣẹ́jú, ìyà ni yóò kà á sí. Bí àwọn òṣìṣẹ́ bá ní iye ìwé ni àwọn ń kà dandan, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dín in kù. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ètò ọlidé kan ti wà ní àwọn ilé ìkàwé láti 1999 fún àwọn ọmọ ọdún 4 sí 11, tí àjọ The Reading Agency ń bá wọn ṣe; ìwé mẹ́fà ni wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọmọ ló sì ń yàn án.

Ní ti pé kí ẹ máa bá a yàn án, a kò bá yín lọ síbẹ̀. Richard Allington àti Anne McGill-Franzen pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé ìwádìí kan jáde ní 2010. Wọ́n jẹ́ kí àwọn ọmọ tí òbí wọn kò lówó lọ́wọ́ yan ìwé 12 fúnra wọn kí ọlidé gígùn tó bẹ̀rẹ̀, ọdún mẹ́ta tẹ̀ lé ara wọn ni wọ́n fi ṣe é. Nígbà tó parí, àwọn ọmọ náà mọ̀wé kà ju àwọn ẹgbẹ́ wọn tí wọn kò fún ní ìwé lọ. Barbara Heyns ti sọ irú rẹ̀ ní 1978 lẹ́yìn tó wo àwọn ọmọ ilé ìwé ní ìlú Atlanta ní Amẹ́ríkà: ìwé tí ọmọ bá kà nígbà ọlidé wà lára ohun tó ń pinnu bóyá ìmọ̀ rẹ̀ yóò gbèrú kí ilé ìwé tó wọlé.

Iṣẹ́ tiyín ni láti mú un dé ibi tí ìwé tó lè fẹ́ wà. Kí ni ó máa ń béèrè lójoojúmọ́? Kòkòrò ni, ọkọ̀ ojú omi ni, ìràwọ̀ ni? Ẹ mú un dúró síwájú pẹpẹ yẹn, kí ẹ sì lọ jókòó. Bó bá mú ìwé, kó ṣí i láàárín, kó ka ojú ewé kan, kó máa na ìka kan sókè fún ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan tí kò mọ̀. Ìka kan tàbí kò sí rárá, ìwé náà rọrùn. Méjì tàbí mẹ́ta, ó bá a mu. Mẹ́rin, yóò nílò ìrànlọ́wọ́. Ọwọ́ bá kún, ẹ̀yin ni kí ẹ kà á fún un, ṣùgbọ́n ẹ má gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwé márùn-ún lẹ́ẹ̀kan dára: méjì tó rọrùn, méjì tó bá a mu, ọ̀kan tó le. Èyí tó rọrùn kò ṣòfò, òun ló ń mú kí kíkà rẹ̀ yá. Bó bá sì ka ojú ewé 10 tí kò dùn mọ́ ọn, kó dá a padà láìsí ìwàásù.

Ẹ fi ọkàn sí ọ̀sẹ̀ kẹta. Ibẹ̀ ni ètò ọlidé ti máa ń kú. Ìtara ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ti tán, ìwé tó yá ti parí, kò sì sí ẹni tó rántí láti padà lọ. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ ti kọ ọjọ́ ìpadàbẹ̀wò sára kàlẹ́ńdà, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tàbí lọ́sẹ̀ méjì, kí ẹ sì jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ ìwé tó ní apá kejì àti ìkẹta, kó lè ní ìdí láti padà. Ẹ lẹ ìwé àkọsílẹ̀ ìṣẹ́jú rẹ̀ mọ́ ògiri nítòsí ibùsùn, kí ẹ so pẹ́ńsù mọ́ ọn. Èyí tí ẹ bá fi sínú dúrọ́ọ̀, ọjọ́ tó kẹ́yìn ni ẹ ó kún un pẹ̀lú àfẹnusọ.

Ìbéèrè: Ilé ìkàwé wa máa ń fún ọmọ tó bá ka ìwé jù ní kẹ̀kẹ́. Lọ́dún tó kọjá, ọmọ kan kọ ìwé 200 sílẹ̀, àwọn òbí yòókù sì faraya. Kí ni ká ṣe? — Alábòójútó ẹ̀ka ọmọdé

Ìdáhùn: Ẹ fagi lé ipò kìn-ín-ní. Nígbà tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, gbogbo ọmọ ti mọ àwọn méjì tàbí mẹ́ta tó lè gba kẹ̀kẹ́ náà, àwọn yòókù á sì jáwọ́. Ẹni tó máa ń kọ́kọ́ jáwọ́ ni ọmọ tí kíkà rẹ̀ kò tíì yá, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni ètò náà wà fún.

Ẹ̀bùn fúnra rẹ̀ gba ìṣọ́ra. Ní 1973, àwọn olùwádìí mẹ́ta, Lepper, Greene àti Nisbett, mú àwọn ọmọ kékeré tó fẹ́ràn yíya àwòrán. Wọ́n ṣèlérí ìwé ẹ̀rí tó ní ìràwọ̀ wúrà fún àwọn kan bí wọ́n bá yàwòrán. Wọ́n fún àwọn kan ní tiwọn lójijì láìṣèlérí. Wọn kò fún àwọn ìyókù ní nǹkan kan. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, àwọn tí wọ́n ṣèlérí fún kò lo ju bí ìdajì àkókò tí àwọn tó kù ń lò nídìí àwòrán lọ. Àwọn tó gbà á lójijì kò yí padà. Iṣẹ́ tí ọmọ ń ṣe tẹ́lẹ̀ nítorí pé ó dùn ti di iṣẹ́ owó ọ̀yà.

Àwa kò ní kí ẹ má fún wọn ní nǹkan. Ẹ jẹ́ kó kéré, kó kárí, kó sì jọ mọ́ ìwé. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ló ní iye ìṣẹ́jú tirẹ̀ tó ń lé. Ẹni tó bá dé ìdajì gba àmì kan, ẹni tó bá dé òpin yan ìwé kan tó máa di tirẹ̀ títí láé. Bí owó ìwé kò bá kárí, ẹ lọ bá àwọn tó ń ta ìwé àti àwọn oníṣòwò àdúgbò ṣáájú ọlidé, kì í ṣe lọ́sẹ̀ tó kẹ́yìn.

Ní ti irọ́ pípa, ẹ má bi ọmọ ní ìbéèrè ìdánwò. Bó bá mú àkọsílẹ̀ rẹ̀ wá, ẹ bi í pé, “Ibo ni ìwọ yóò kà fún ọ̀rẹ́ rẹ nínú rẹ̀?” Ìṣẹ́jú kan ti tó, ẹni tó kà á kò ní í fẹ́ dákẹ́ mọ́. Ẹ ṣètò ènìyàn sílẹ̀ fún un o. Bí ọmọ 200 bá forúkọ sílẹ̀, tí kálukú wá lẹ́ẹ̀mẹrin, ìṣẹ́jú 800 nìyẹn, ó lé ní wákàtí 13. Àwọn ọ̀dọ́ tó bá yọ̀ǹda ara wọn lè jókòó sídìí tábìlì náà, bí ẹ bá fi ọjọ́ kan kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń fetí sílẹ̀. Nígbà tí ẹ bá sì ń kọ ìròyìn fún ọ̀gá yín, ẹ má fi iye tó forúkọ sílẹ̀ yangàn. Iye tó padà wá lọ́sẹ̀ kẹta àti ìkẹrin ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ.

Ìbéèrè: Ọmọ ọdún 11 ni tèmi. Kọ́míìkì àti ìwé tí à ń fetí gbọ́ nìkan ló fẹ́. Ṣé wọ́n kà á mọ́ ìwé kíkà? — Bàbá kan

Ìdáhùn: Ó yẹ kí wọ́n kà á mọ́ ọn, àwa náà kà á mọ́ ọn. Ẹni tó ń ka kọ́míìkì ń fi ọ̀rọ̀ àti àwòrán pọ̀ láti mọ ohun tí wọn kò sọ jáde, iṣẹ́ ọpọlọ ni. Èyí tí à ń fetí gbọ́ ń mú ọmọ dé ọ̀dọ̀ ìtàn tí ojú rẹ̀ kò tíì lè dá kà; bó bá ń fi ojú tẹ̀ lé e nínú ìwé gan-an, ó tún dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bó bá sì ń sọ pé òun ti dàgbà ju àkókò ìtàn lọ, ẹ béèrè lọ́wọ́ ilé ìkàwé bóyá ó lè máa ka ìwé kan fún àwọn kéékèèké. Kó tó lè ṣe é, yóò ka ìwé yẹn sókè lẹ́ẹ̀mẹrin tàbí márùn-ún nílé, ẹ kò sì ní í rán an létí.

Ìbéèrè: Omi dà sórí ìwé tí a yá. Ìyàwó mi ní ká sá a sóòrùn, èmi ní ká lọ̀ ọ́. Ẹ̀rù sì ń ba ọmọ náà, kò fẹ́ dé ilé ìkàwé mọ́. — Ọkọ àti ìyàwó

Ìdáhùn: Ẹ má sá a, ẹ má sì lọ̀ ọ́. Oòrùn ń ká èèpo ìwé kò, ó sì ń ṣí àwọ̀. Áyọ́ọ̀nù ń yọ́ gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn rẹ̀. Bó bá rin díẹ̀, ẹ gbé e nàró, kí ẹ ṣí ewé rẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Fáànù lè wà nínú yàrá, ṣùgbọ́n kó má kọjú sí i tààrà. Bó bá rin gbingbin, ẹ má fi ipá ṣí i. Ẹ tẹ́ ẹ sórí táwẹ́ẹ̀lì, kí ẹ rọra ki bébà funfun tó ń fa omi sáàárín ewé rẹ̀ níbi tó bá ti là fúnra rẹ̀, kí ẹ sì máa pààrọ̀ rẹ̀ bó bá ti rin. Ẹ má lo ìwé ìròyìn, íńkì rẹ̀ yóò bá ewé náà lọ. Nígbà tó bá kù díẹ̀ kó gbẹ, ẹ pa á dé, kí ẹ gbé nǹkan tó wúwo lé e kó lè tẹ́. Ewu tó wà ni pé láàárín ọjọ́ méjì, bí ibẹ̀ bá móoru, ìwé náà lè bu. Bí ewé rẹ̀ bá jẹ́ èyí tó ń dán, wọn yóò lẹ̀ pọ̀ bí wọ́n bá gbẹ báyẹn. Ẹ tètè wé e sínú ọ̀rá, kí ẹ gbé e sínú fíríísà, kó wà níbẹ̀ títí ẹ ó fi gbé e lọ fún wọn.

Ewé tó bá ya, ẹ má fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́. Gọ́ọ̀mù rẹ̀ máa ń pọ́n, ó sì ń wọ inú bébà débi pé kò ní í ṣeé yọ mọ́. Ẹ ki ewé náà sínú ìwé bó ṣe wà, kí ẹ fi hàn wọ́n. Àwọn òṣìṣẹ́ mọ ohun tí wọ́n fi ń tún un ṣe.

Ẹ bi wọ́n ní iye tí ẹ ó san, bó bá wà. Ẹ mú ọmọ náà dání, kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ bí omi ṣe dà á, kó sì yan ìwé mìíràn kí ẹ tó kúrò níbẹ̀.